Kòsọ́kọ́ ní Ẹ̀pẹ́

Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Ejìnrìn, tí ó sì gba ojú ọ̀sà lọ sí ìhà ìlà-oòrùn, yóò gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́. Níbẹ̀ ni Kòsọ́kọ́, ọmọ Ọba Ọ̀ṣínlókun, tẹ̀dó sí lẹ́yìn tí ọkọ̀-ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò lórí ìtẹ́ Èkó ní oṣù Kejìlá, ọdún 1851.

Ọkàn rẹ̀ kò kọ́kọ́ balẹ̀. Ní ọdún 1853 ó gbé ogun lọ sí Èkó, ṣùgbọ́n asán ni ó já sí. Ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1854, ó bá Campbell, aṣojú Gẹ̀ẹ́sì, dá májẹ̀mú: ó jọ̀wọ́ ìtẹ́, ó sì gba èbúté Palma àti Lẹ́kì fún òwò.

Ní ọdún 1862 ó padà sí Èkó, kì í ṣe bí ọba mọ́, bí kò ṣe bí ìjòyè. Ó kú ní ọdún 1872.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ìtẹ́ tí ó fi ogun wá kò bọ́ sí i lọ́wọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ó fara mọ́ so èso. Títí di òní, àwọn ọmọ àwọn tí ó bá a lọ ń gbé Ẹ̀pẹ́, Èkó Ẹ̀pẹ́ ni a sì ń pè wọ́n.