Alexander Fleming, ẹni tí ó rí pẹnisilíìnì

Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1881 ni wọ́n bí Alexander Fleming ní oko kan nítòsí Darvel, ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni Alexander nígbà tí bàbá náà kú. Ẹsẹ̀ ni ó fi máa ń rìn lọ sí ilé ìwé, bí ọ̀nà tilẹ̀ jìn.

Nígbà tí ó di nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tí ó jẹ́ dókítà. Ó ṣiṣẹ́ akọ̀wé fún ọdún mẹ́rin ní ilé iṣẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi. Lẹ́yìn náà, ó jogún owó díẹ̀ lọ́wọ́ arákùnrin bàbá rẹ̀. Owó yìí ni ó fi kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní ilé ìwòsàn St Mary's. Ibẹ̀ náà ni ó dúró sí láti máa ṣe ìwádìí nípa àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń fa àrùn.

Nígbà tí ogun ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1914, Fleming lọ tọ́jú àwọn ọmọ ogun ní Boulogne, ní ilẹ̀ Faransé. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ ẹni tí ìbọn kò pa ni kòkòrò inú egbò ń pa. Oògùn líle tí wọ́n ń dà sí egbò kì í dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì máa ń ba ẹran ara jẹ́. Láti ìgbà náà ni ó ti ń wá oògùn tí yóò pa kòkòrò tí kò ní pa ènìyàn lára.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1928, Fleming ti ìsinmi dé sí yàrá iṣẹ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àwọn àwo pẹlẹbẹ tí ó ń sin kòkòrò sí wò. Ohun kan bí òwú ti hù sínú ọ̀kan nínú wọn, irú èyí tí ó máa ń bo búrẹ́dì tí ó ti bu. Ẹlòmíràn ì bá da àwo náà nù. Ṣùgbọ́n Fleming wò ó dáadáa, ó sì rí i pé gbogbo kòkòrò tí ó wà nítòsí ohun náà ti kú. Ó sin ohun bí òwú náà, ó sì rí i pé omi ara rẹ̀ lè pa oríṣiríṣi kòkòrò. Ní ọdún 1929, ó sọ omi náà ní pẹnisilíìnì.

Síbẹ̀, Fleming kò lè yọ oògùn náà ní mímọ́, nítorí pé kíá ni ó máa ń bàjẹ́. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá kí Howard Florey, Ernst Chain àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Oxford tó ṣe é. Ní ọdún 1941, wọ́n fún ọlọ́pàá kan tí egbò rẹ̀ kún fún ọyún ní oògùn náà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Ṣùgbọ́n oògùn tán. Wọ́n tilẹ̀ yọ èyí tí ó kù nínú ìtọ̀ rẹ̀ láti tún fún un, kò tó. Àrùn náà padà, ọlọ́pàá náà sì kú. Oògùn náà dára, ṣùgbọ́n ó tán kí iṣẹ́ rẹ̀ tó parí.

Kò pẹ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà fi ṣe oògùn náà lọ́pọ̀lọpọ̀. Ní ọdún 1945, Fleming, Florey àti Chain jọ gba ẹ̀bùn Nobel.

Ní ọjọ́ tí Fleming sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀ ní Stockholm, ó kìlọ̀ fún gbogbo ayé. Ó pa ìtàn ọkùnrin kan tí ọ̀fun ń dùn. Ọkùnrin yìí ra pẹnisilíìnì fúnra rẹ̀, ó lo díẹ̀, kò lo iye tí ó lè pa kòkòrò náà. Ó dà bí ẹni tí ó na ejò tí kò pa á. Àwọn kòkòrò tí ó lágbára kù sí i lára, wọ́n ń pọ̀ sí i, oògùn kò sì kápá wọn mọ́. Ó kó wọn ran ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí òtútù àyà mú obìnrin náà, pẹnisilíìnì kò lè wò ó sàn, ó sì kú.

Fleming kú ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 1955, wọ́n sì sin ín sí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá St Paul's ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìkìlọ̀ rẹ̀ ti ṣẹ. Ní ọdún 2019 nìkan, kòkòrò tí oògùn kò kápá mọ́ pa ènìyàn tí ó lé ní 1,200,000 káàkiri ayé.

Nítorí náà, kí a má ra oògùn apakòkòrò lórí àtẹ ní ọjà. Kí a má lò ó fún ọ̀fìnkìn, nítorí kì í wo ọ̀fìnkìn. Iye tí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì bá ní kí a lò ni kí a lò. Kí a má sì fún ẹlòmíràn ní oògùn tí wọ́n fún wa.

Ìbéèrè
1. Kí ni Fleming rí nínú àwo rẹ̀ ní ọdún 1928?
2. Kí ló dé tí ọlọ́pàá náà fi kú?
3. Àṣìṣe wo ni ọkùnrin inú ìtàn Fleming ṣe? Ta ni ó jìyà rẹ̀?
4. Báwo ni ẹ ṣe máa ń lo oògùn ní ilé yín?