Bunsen: Ẹni Tí Iná Láàbù Ń Jẹ́ Orúkọ Rẹ̀

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, gbogbo àwa tí a ti ṣe kẹ́mísírì, ìbáà jẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama tàbí ní yunifásítì ní Sókótó níbí, ni a ti pe orúkọ Bunsen láìmọye ìgbà. Díẹ̀ nínú wa ni ó mọ̀ pé ènìyàn ni, àti pé ojú kan ni ó fi ṣe iṣẹ́ tí a fi mọ̀ ọ́n jù lọ.

Ní 1811 ni wọ́n bí Robert Bunsen ní Göttingen, ní ilẹ̀ Jámánì. Ọmọ olùkọ́ yunifásítì ni. Ní 1834, òun àti dókítà kan tí ń jẹ́ Berthold fi hàn pé ohun kan tí ó jọ ìpẹtà irin jẹ́ aporó fún àsẹ́níìkì, májèlé burúkú nì. Kàkà kí ó wá sá fún májèlé náà, ńṣe ni ó tẹra mọ́ ọn. Ó ń ṣe àyẹ̀wò cacodyl, omi olóòórùn burúkú tí àsẹ́níìkì wà nínú rẹ̀, tí ó sì lè gbiná fúnra rẹ̀ bí atẹ́gùn bá kàn án. Ní ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bú gbàù. Ojú ọ̀tún rẹ̀ fọ́, májèlé náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé awò láàbù sí iwájú orí bí fìlà, ṣé ẹ gbọ́?

Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó pa irú iṣẹ́ náà tì pátápátá. Ẹlòmíràn lè pè é ní ojo. Lójú tiwa, ọgbọ́n ni.

Ní 1852 ó dé Heidelberg. Ní 1855 ni òun àti Desaga, oníṣẹ́ ẹ̀rọ yunifásítì náà, ṣe iná gáàsì tí kì í rú èéfín. Kò fi òfin dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti ṣe irú rẹ̀.

Iná yìí ní ihò nísàlẹ̀ tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Bí a bá ṣí i, iná á di búlúù, á gbóná janjan. Bí a bá dí i, á pọ́n rúsúrúsú, gbogbo ènìyàn á sì rí i. Ní ọ̀sán Sókótó, tí oòrùn bá gba ojú fèrèsé wọlé, iná búlúù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé rí rárá. Apá bàbáńrígà tàbí etí ìbòrí lè ti kó sínú rẹ̀ kí olúwarẹ̀ tó mọ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń dí ihò náà nígbà tí a kò bá tíì lò ó, tí a sì ń ṣáná kí a tó tú gáàsì.

Iná tí kò ní àwọ̀ púpọ̀ yìí ni ó jẹ́ kí àwọ̀ iyọ̀ oríṣiríṣi hàn kedere. Pẹ̀lú rẹ̀ ni Bunsen àti Kirchhoff ṣe ṣàwárí cesium ní 1860 àti rubidium ní 1861.

Bunsen kò gbéyàwó. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1889, ó sì kú ní Heidelberg ní 1899, ní ẹni ọdún 88.