Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson àti Ẹ̀ṣẹ̀ tí ó Fi Àṣà Bora

Oríṣi ẹ̀ṣẹ̀ méjì ni onígbàgbọ́ ní láti bá jà. Èkíní ni èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ní ẹ̀ṣẹ̀, tí ojú sì ń ti ẹni tí a bá ká a mọ́ lọ́wọ́. Èkejì ni èyí tí ó ti pẹ́ láàárín wa tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń pè é ní àṣà tàbí òwò. Èkejì yìí ni ó ṣòro jù láti ṣẹ́gun, nítorí kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí a ti ń bá a jà, kí ó fi ara balẹ̀ gbọ́ ìtàn Olóògbé Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson, ẹni tí àwọn ènìyàn ìgbà ayé rẹ̀ ń pè ní Johnson Mímọ́.

Ní ilẹ̀ Sàró ni a bí i, ní nǹkan bí ọdún 1836. Ọmọ Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀; a ti kó wọn lẹ́rú rí, kí a tó gbà wọ́n sílẹ̀. Ó kàwé ní Gírámà Sùkúù ti C.M.S. ní Freetown àti ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay, ó ṣe olùkọ́, a sì fi í joyè díákónì ní ọdún 1863. Ní ọdún 1874 ni a rán an wá sí Èkó.

Ní ọdún 1877 a fi í ṣe alábòójútó àwọn ìjọ ilẹ̀ Yorùbá ní òkè, ó sì fi Abẹ́òkúta ṣe ibùjókòó. Ọdún mẹ́wàá ṣáájú, ní 1867, ni a ti lé àwọn òyìnbó ajíhìnrere kúrò ní ìlú náà, tí ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ Ẹ̀gbá sì sá wá tẹ̀dó sí Èbúté Mẹ́ta wa níhìn-ín. Àwọn tí ó kù ní Abẹ́òkúta ti fara da inúnibíni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Johnson dé àárín wọn, ó rí i pé àwọn ọmọ ìjọ, àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ pàápàá, ní ẹrú nínú ilé àti nínú oko wọn. Wọn kò sì kà á sí ohun ìtìjú, nítorí bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọlọ́lá ìlú ń ṣe. Èyí ba Johnson nínú jẹ́ gidigidi, nítorí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ àwọn tí a rà tí a sì tà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún wọn ní gbangba pé kò yẹ kí onígbàgbọ́ ní ẹrú.

Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ wọn. Ó tún béèrè pé kí ìjọ máa dá owó púpọ̀ sí i, ọwọ́ rẹ̀ sì le nínú ìbáwí. Àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ pàápàá gbà pé ó kánjú. Ìkùnsínú di ariwo, títí a fi pè é padà sí Èkó ní ọdún 1880. Ní ojú ènìyàn, a ṣẹ́gun rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àkókò náà gan-an ni Ẹgbẹ́ C.M.S. ṣe òfin pé òṣìṣẹ́ ìjọ kankan kò gbọdọ̀ ní ẹrú mọ́.

Ní Èkó, ó di àlùfáà Ìjọ Páúlù Mímọ́ ní Breadfruit, ó sì wà níbẹ̀ fún 20 ọdún. Níbẹ̀ ni ó ti dojú kọ òwò ọtí líle. Àpótí jíìnì ń ti Yúróòpù wọlé lọ́pọ̀lọpọ̀, owó ibodè orí rẹ̀ ni ìjọba sì fi ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Nítorí náà ẹni tí ó bá sọ̀rọ̀ sí ọtí ń bá oníṣòwò jà, ó sì ń bá ìjọba jà. Johnson kò dákẹ́. Ní ọdún 1887 ó lọ sí Ìlú Ọba, ó sì sọ ohun tí ọtí ń ṣe fún àwọn ènìyàn rẹ̀ níbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ó kórìíra ohun gbogbo tí í ṣe tiwa. Òun ni ó ń rọ àwọn òbí pé kí wọn máa fi orúkọ Yorùbá ṣe ìrìbọmi fún ọmọ wọn, nígbà tí ọ̀pọ̀ rò pé orúkọ òyìnbó nìkan ni orúkọ onígbàgbọ́. Ó mọ ìyàtọ̀ láàárín àṣà tí kò ní ẹ̀ṣẹ̀ àti ẹ̀ṣẹ̀ tí ó fi àṣà bora.

Ìdánwò tí ó kẹ́yìn kò ti ọ̀dọ̀ ọ̀tá wá. Ọ̀dọ̀ àwọn olùfẹ́ rẹ̀ ni ó ti wá. A fi í joyè Bíṣọ́ọ̀bù Olùrànlọ́wọ́ ní ọdún 1900. Ní ọdún 1901, Bíṣọ́ọ̀bù Tugwell ní kí ó kúrò ní ilé àlùfáà ní Breadfruit. Inú bí ọ̀pọ̀ nínú ìjọ. Wọ́n jáde, wọ́n sì dá Ìjọ Áfíríkà sílẹ̀, wọ́n sì retí pé òun ni yóò ṣe olórí wọn. Ọjọ́ pẹ́ tí ó ti ń fẹ́ ìjọ tí àwọn ọmọ ilẹ̀ yóò máa ṣàkóso fúnra wọn. A sì ti fi ìwọ̀sí lọ̀ ọ́. Ìbínú àti ọlá jọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lójúmọ́ kan náà. Kò ṣí i. Ó dúró nínú ìjọ tí ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ fún, ó sì ń ṣiṣẹ́ lọ ní agbègbè ẹnu odò Ọya títí ó fi kú ní ọdún 1917.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ará ní Èbúté Mẹ́ta, Yábà, Sùúrùlérè àti Muṣin, a kò ní ẹrú mọ́, ṣùgbọ́n a ní ọmọ ọ̀dọ̀. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Kí olúkúlùkù wo ilé rẹ̀, ìwé ìṣirò owó rẹ̀ àti àwo rẹ̀ níbi àsè, kí ó sì bi ara rẹ̀ léèrè èwo nínú ohun tí ó ń pè ní àṣà ni ó yẹ kí ó pè ní orúkọ rẹ̀ gan-an. Oore-ọ̀fẹ́ tí ó gbé Johnson ró ṣì wà fún àwa náà.