Ìtàn Ehrenberg, Ẹni tí ó Wádìí Omi Òkun Pupa

Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin ọdún 1795 ni a bí Christian Gottfried Ehrenberg ní Delitzsch, ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Jámánì. Ẹ̀kọ́ nípa ìwé Ọlọ́run ni ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Leipzig, ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, ó lọ kọ́ ìṣègùn ní Berlin. Òun àti Wilhelm Hemprich sì di ọ̀rẹ́ kòríkòsùn.

Ní ọdún 1820, àwọn méjèèjì gbéra lọ sí Íjíbítì láti kó oríṣiríṣi ewéko àti ẹranko jọ. Wọ́n rìn nínú aṣálẹ̀ àti ní etí Òkun Pupa, èyí tí a ń kà nípa rẹ̀ nínú ìwé Ẹ́kísódù. Ní oṣù kejìlá ọdún 1823, nígbà tí Ehrenberg wà ní Tor, ní etíkun Sínáì, ó rí i pé omi òkun pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Kò wò ó lásán kí ó sì kọjá lọ. Ó bu omi náà, ó sì fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá yẹ̀ ẹ́ wò. Ó bá ohun tín-ín-rín bí fọ́nrán irun nínú rẹ̀, tí wọ́n so pọ̀ ní ìdì-ìdì. Àwọn ni ó mú kí omi náà pọ́n. Ní ọdún 1830, ó sọ wọ́n ní Trichodesmium, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Gíríkì jẹ́ ìdì irun.

Ṣùgbọ́n ohun tí ojú rẹ̀ rí ní ìrìn àjò náà kò kéré. Ní ọdún 1825, ibà pa Hemprich ní Massawa, Ehrenberg sì padà sílé láìsí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀ kò jẹ́ kí iṣẹ́ olóògbé náà ṣègbé: orúkọ àwọn méjèèjì ni ó kọ sára ìwé tí ó ṣe nípa ìrìn àjò wọn.

Ní ọdún 1838, ó tẹ ìwé ńlá kan jáde nípa àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí ojú lásán kò lè rí. Ó gbà pé wọ́n ní ẹ̀yà ara pípé bí ti àwọn ẹranko ńlá. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn sì tako èrò náà, ṣùgbọ́n àwọn àwòrán rẹ̀ kò di asán. Ó kú ní Berlin ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà ọdún 1876.

Títí ó fi kú, kò mọ iṣẹ́ tí àwọn fọ́nrán òkun wọ̀nyí ń ṣe. Náítrójìn kó nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ewéko kò lè lò ó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1961 ni àwọn onímọ̀ fi hàn pé Trichodesmium ń sọ ọ́ di oúnjẹ, gẹ́gẹ́ bí àwọn bakitéríà mìíràn ti ń ṣe ní gbòǹgbò ẹ̀wà. Nípa bẹ́ẹ̀ ni ó ń bọ́ àwọn ohun ẹlẹ́mìí nínú òkun tí omi rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, níbi tí oúnjẹ ti wọ́n.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ máa wo nǹkan dáradára, kí a sì kọ ohun tí a bá rí sílẹ̀ pẹ̀lú òtítọ́. Bí àwa kò bá rí èrè rẹ̀, àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí i.