Sheikh Ahmad Baba ti Timbuktu (1556–1627) àti Okùn Àjọṣe Tí Ìwé So Láàrin Àwọn Onímọ̀

Díẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù ilẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí òkìkí wọn kàn tó ti Sheikh Ahmad Baba ti ìlú Timbuktu (kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ). Ọdún 1556, èyí tí í ṣe ọdún 963 lẹ́yìn Hijrah, ni wọ́n bí i sínú ìdílé Aqit, ẹ̀yà Sanhaja, ìdílé tí ó ti pẹ́ tí ó ti ń pèsè adájọ́ àti onímọ̀ fún Timbuktu, ní ilẹ̀ tí ń jẹ́ Mali lóde òní. Ohun tí ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ fi hàn kedere ni pé ìwé kíkà àti ìwé kíkọ a máa sọ àjèjì di ẹbí. Ọba tàbí ọmọ ogun kò sì lè já irú okùn bẹ́ẹ̀.

Lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ àti àwọn ẹbí rẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó sọ ọ́ di àgbà nínú ìmọ̀ ni Muhammad Baghayogho, ọmọ Wangara tí orírun rẹ̀ jẹ́ ìlú Jenne. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí Ahmad Baba fi ń kàwé lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n jọ ka Muwatta ti Imam Malik àti Mukhtasar ti Khalil, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ìwé mìíràn. Ní àsìkò yẹn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń da ìwé kọ, orí ràkúnmí ni púpọ̀ nínú wọn sì ń gbà la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, nítorí náà owó ńlá ni wọ́n fi ń rà á. Síbẹ̀, Baghayogho kì í fi ìwé du ẹnikẹ́ni. Bí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ̀ rí bá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tí ó sì dárúkọ ìwé tí ó ń fẹ́, yóò wá a jáde, yóò sì gbé e lé e lọ́wọ́. Kì í bèèrè rẹ̀ mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú wọn ni kò padà wálé. Ní ọjọ́ kan tí Ahmad Baba wá ìwé gírámà lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, ńṣe ni ó tú gbogbo ìwé rẹ̀ yẹ̀wò, tí ó sì kó gbogbo èyí tí ó rí lórí ẹ̀kọ́ náà wá fún un. Láti inú irú inú rere báyìí ni ìfẹ́ tí ó wà láàrin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ náà ti gbilẹ̀.

Ní ọdún 1591, Sultan Ahmad al-Mansur ti Mòrókò rán ọmọ ogun la aṣálẹ̀ kọjá, wọ́n sì ṣẹ́gun ìjọba Songhay. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1593, Pasha Mahmud ibn Zarqun pe àwọn onímọ̀ Timbuktu jọ sí mọ́sáláṣí Sankore, ó sì mú wọn níbẹ̀. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni wọ́n kó wọn lọ sí Marrakesh nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ahmad Baba já bọ́ láti orí ràkúnmí lójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dá. Ẹgbẹ̀jọ (1,600) ìwé ni ó pàdánù, bẹ́ẹ̀ ni tirẹ̀ ló kéré jù nínú ìwé àwọn ẹbí rẹ̀. Ní ọdún 1594 yìí kan náà ni Baghayogho jáde láyé ní Timbuktu. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò fojú kàn án mọ́.

Ẹ̀wọ̀n ni Ahmad Baba wà títí di ọdún 1596. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀, wọn kò gbà á láàyè láti padà sí ìlú rẹ̀. Ó wá jókòó sí mọ́sáláṣí àwọn Shurafa ní Marrakesh, ó ń kọ́ni. Láìpẹ́, ìlú tí wọ́n mú un wá gẹ́gẹ́ bí òǹdè di ìlú tí àwọn onímọ̀ ti ń dù láti kàwé lọ́dọ̀ rẹ̀. Lára wọn ni Ibn al-Qadi, òǹkọ̀wé ìtàn, àti Ahmad al-Maqqari tí ó wá kọ Nafh al-Tib lẹ́yìn náà. Al-Maqqari gba ijazah, ìyẹn àṣẹ láti fi ẹ̀kọ́ olùkọ́ kọ́ ẹlòmíràn, lọ́wọ́ rẹ̀. Báyìí ni ọmọ Maghrib di ọmọ fún àáfà ilẹ̀ Sudan.

Ní Marrakesh kan náà ni ó ti kọ Nayl al-Ibtihaj, tí ó parí ní ọdún 1596. Ìwé náà jẹ́ àfikún sí al-Dibaj al-Mudhhab tí Ibn Farhun ti Madina, tí ó kú ní ọdún 1397, kọ nípa àwọn onímọ̀ Maliki. Ahmad Baba kò bá Ibn Farhun láyé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ẹni yẹn dáwọ́ dúró lé ni òun gbà ṣe lọ. Ó lé ní ẹgbẹ̀rin (800) onímọ̀ tí ó kọ ìtàn wọn síbẹ̀, Baghayogho sì wà lára wọn. Inú ìwé yìí ni ayé ti mọ bí olùkọ́ yẹn ṣe ń yá ènìyàn ní ìwé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti kó ìwé rẹ̀ lọ kò ní ohun mìíràn tí ó lè fi san gbèsè olùkọ́ rẹ̀ ju pé kí ó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé.

Lẹ́yìn ikú al-Mansur ní ọdún 1603, Mulay Zaydan, ọmọ rẹ̀, yọ̀ǹda fún un, ó sì dé Timbuktu ní ọdún 1608. Àjọṣe rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ará àríwá kò torí èyí dópin. Láti Tuwat nínú aṣálẹ̀ ni wọ́n ti kọ̀wé bi í léèrè nípa àwọn ẹrú tí wọ́n ń kó gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá. Ìdáhùn rẹ̀, Mi'raj al-Su'ud, tí ó kọ ní nǹkan bí ọdún 1615, fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àwọ̀ dúdú kì í ṣe ìdí tí a fi ń mú ènìyàn lẹ́rú, àti pé kò tọ́ láti mú Mùsùlùmí tí a bí ní òmìnira lẹ́rú. Ó ka Kano, Katsina àti Borno mọ́ ilẹ̀ Mùsùlùmí. Ó ka àwọn Yorùbá mọ́ àwọn tí kò tíì gba Ìsìláàmù nígbà náà, ààbò yẹn kò sì kàn wọ́n. Àkọsílẹ̀ yìí wà lára èyí tí ó pẹ́ jù lọ tí orúkọ Yorùbá ti hàn. Nǹkan bí igba ọdún lẹ́yìn náà, Shehu Usman dan Fodio ṣì ń tọ́ka sí Ahmad Baba nínú àwọn ìwé tirẹ̀.

Ahmad Baba dágbére fún ayé ní ọdún 1627. Ní ọdún 1973, wọ́n dá ilé ìpamọ́ ìwé àfọwọ́kọ sílẹ̀ ní Timbuktu, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́. Nígbà tí àwọn agbébọn gba ìlú náà ní ọdún 2012, àwọn olùtọ́jú ìwé àti àwọn ìdílé tí ó ní ìwé ń kó wọn jáde ní bòńkẹ́lẹ́ lọ sí Bamako. Iná jó díẹ̀ nínú èyí tí ó kù nílé náà ní oṣù kìíní ọdún 2013, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù yè. Àwọn tí ó gbà wọ́n là kò bá Ahmad Baba láyé, bí òun náà kò ti bá Ibn Farhun. Ìwé ló sọ wọ́n di ará kan náà.