Grace Hopper àti Àtúnlò Abala Ètò Kọ̀ǹpútà

Ìfáàrà

Ètò ni a ń pe àkójọ àṣẹ tí a kọ fún kọ̀ǹpútà láti tẹ̀ lé. Ẹni tí ó bá ń kọ́ bí a ṣe ń kọ ọ́ kì í pẹ́ rí i pé àwọn iṣẹ́ kan máa ń jẹ yọ léraléra. Dípò àkọtúnkọ, a ó pín ètò sí abala-abala, a ó fún abala kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, a ó sì máa pè é nígbàkigbà tí a bá nílò rẹ̀. Ọ̀kan gbòógì lára àwọn tí ó la ọ̀nà yìí ni Grace Hopper, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ìbí àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀

Ìlú New York ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejìlá, ọdún 1906. Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún méje, ó tú aago kan nínú ilé wọn láti mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí kò lè tò ó padà, ó tú òmíràn, títí ó fi tú méje. Ìyá rẹ̀ kò fi ìwádìí dù ú. Aago kan ṣoṣo ni ó kàn yọ̀ǹda fún un láti ìgbà náà. Ó kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní Vassar College ní ọdún 1928, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀ ní ọdún 1931, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yale ní ọdún 1934.

Ìwé Àkọsílẹ̀ ní Harvard

Ogun Àgbáyé Kejì ni ó mú un kúrò nídìí iṣẹ́ olùkọ́. Bí ó tilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ju bí òfin ti fẹ́ lọ, àwọn ọmọ ogun ojú omi gbà á ní ọdún 1943. Ní ọdún 1944, wọ́n rán an lọ sí Harvard, sí ìdí ẹ̀rọ ìṣirò Mark I, tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 51. Howard Aiken ni ọ̀gá wọn níbẹ̀.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Hopper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ abala ètò tí ó bá ti ṣiṣẹ́ dáadáa sínú ìwé, wọ́n sì ń yá ara wọn lò. Ṣùgbọ́n ìṣòro wà níbẹ̀: ọwọ́ ni wọ́n fi ń dà á kọ. Bí nọ́ńbà kan bá yí padà, gbogbo ìṣirò ti bàjẹ́ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ogun sì ni wọ́n ń ṣe.

Ètò A-0

Ní ọdún 1949, Hopper lọ sí ilé iṣẹ́ Eckert àti Mauchly ní Philadelphia, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ UNIVAC. Ó rò ó pé bí ènìyàn bá ń ṣi nǹkan dà kọ, ẹ̀rọ ni kí á gbé iṣẹ́ náà fún. Ó kó àwọn abala tí wọ́n ti dán wò sórí téèpù, ó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àmì ìdánimọ̀. Àmì yìí nìkan ni akọ̀wé ètò yóò máa tò; ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni yóò wá abala náà, tí yóò dà á kọ, tí yóò sì fi í sí àyè rẹ̀. Ètò yìí, A-0, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1952.

Kì í ṣe òun nìkan ni ó ronú bẹ́ẹ̀. Ní Cambridge, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Maurice Wilkes, David Wheeler àti Stanley Gill ti tẹ ìwé jáde lórí irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1951. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gba Hopper gbọ́. Lójú wọn, ìṣirò nìkan ni ẹ̀rọ lè ṣe. Kò jáwọ́. Ó tẹ̀ síwájú sí FLOW-MATIC, tí a ń fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ fún, èyí tí COBOL ti ọdún 1959 gbára lé púpọ̀.

Ìgúnlẹ̀

Ó fẹ̀yìntì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gágun ojú omi ní ọdún 1986, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 79. Ó kú ní ọjọ́ kìíní, oṣù Kìíní, ọdún 1992. Ní ọdún 2016, ààrẹ Amẹ́ríkà fi àmì ẹ̀yẹ dá a lọ́lá lẹ́yìn ikú.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni ìgbésí ayé rẹ̀ jẹ́ fún olùkọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó da àwọn àṣẹ kan náà kọ sí ibi mẹ́ta ní láti tún ibi mẹ́ta ṣe nígbà tí àṣìṣe bá yọjú, ó sì lè gbàgbé ọ̀kan. Èyí tí ó sọ ọ́ di abala kan ṣoṣo, tí ó dán an wò, tí ó sì fún un ní orúkọ, ẹ̀ẹ̀kan péré ni yóò tún un ṣe.