Lewis Hine: Onífọ́tò Tó Bá Àwọn Kọ́lékọ́lé Gun Òkè

Bí èèyàn bá dé ìlú ńlá, ilé gogoro lojú máa ń kọ́kọ́ rí. A ó gbójú sókè, a ó máa ka àjà rẹ̀ títí ọrùn á fi dùn wá. A máa ń béèrè ẹni tó ni ín. Àwọn tó kọ́ ọ ńkọ́? Ó ṣọwọ́n kéèyàn béèrè. Ọkùnrin kan wà ní Amẹ́ríkà tó fi kámẹ́rà béèrè ìbéèrè yẹn títí ó fi kú. Lewis Wickes Hine lorúkọ rẹ̀. Ìtàn rẹ̀ la mú wá lónìí, torí ó kan àwa tá à ń jẹun nílùú onílùú.

Ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1874 ni wọ́n bí i ní Oshkosh, ìpínlẹ̀ Wisconsin. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún tí bàbá rẹ̀ fi kú, ló bá di alágbàṣe. Ó ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ àga, ó tún ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́ mìíràn kó lè rówó jẹun. Ìyà iṣẹ́ àárọ̀ dalẹ́ yìí ò kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Nígbà tó yá, ó lọ kàwé díẹ̀ ní yunifásítì Chicago, ó sì kó lọ sí New York lọ́dún 1901 láti di olùkọ́. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà ló gbé kámẹ́rà lé e lọ́wọ́. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ fọ́tò rí, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Láti ọdún 1904 ló ti ń lọ sí Ellis Island, erékùṣù tí ọkọ̀ ojú omi ti ń já àwọn àlejò láti Yúróòpù sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ onílẹ̀ ò fẹ́ rí àwọn àlejò yìí sójú rárá. Hine ò wò wọ́n bẹ́ẹ̀. Ó ya ìyá tó gbọ́mọ lọ́wọ́, ó ya ẹni tó gbé ẹrù sórí tí kò mọ ibi tí òun ń lọ. Ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì ìlú tí kò gbédè rẹ̀ rí, tó bá wo àwọn fọ́tò yẹn, á mọ ojú náà.

Lọ́dún 1908, ó fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, ó ń ya fọ́tò fún ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti fífi ọmọdé ṣiṣẹ́. Àwọn ọlọ́gàá ò fẹ́ kó wọlé, ló bá ń dọ́gbọ́n. Lónìí á ní òun ń ta Bíbélì, lọ́la á ní ẹ̀rọ lòun wá yà. Bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ ló fi ń wọn bí ọmọ ṣe ga tó, inú àpò ló sì ti ń fọwọ́ kọ ọjọ́ orí wọn. Ó lé ní 5,000 fọ́tò tó yà. Àwọn fọ́tò yìí wà lára ohun tó ta ìlú jí, títí òfin fi dè é jákèjádò Amẹ́ríkà lọ́dún 1938.

Ẹ wá gbọ́ ti ilé gogoro. Oṣù Kẹta ọdún 1930 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ Empire State Building: àjà 102, gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 1,250. Hine ni wọ́n pè kó wá yà á. Ó ti lé lẹ́ni àádọ́ta ọdún nígbà náà! Bí irin ṣe ń ròkè lòun náà ń ròkè. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ilé parí, apẹ̀rẹ̀ kan ni wọ́n fi gbé e kọ́ sójú òfuurufú, tí títì wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ ò rí i pé ọkàn ló gbà?

Fọ́tò dúdú àti funfun ni gbogbo rẹ̀, ó sì bá iṣẹ́ náà mu. Ojú ọ̀run funfun, irin dúdú, ara òṣìṣẹ́ sì hàn gedegbe láàárín wọn. Èyí tó lókìkí jù ni ti ọkùnrin kan tó so rọ̀ mọ́ wáyà, tí ìlú New York tẹ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn àlejò láti Yúróòpù àti àwọn ará Mohawk, tí wọ́n ni ilẹ̀ kí òyìnbó tó dé, wà lára àwọn tó to irin yẹn. Ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún 1931 ni wọ́n ṣí ilé náà.

Ká tún nǹkan kan ṣe níbí o. Fọ́tò àwọn ọkùnrin 11 tí wọ́n jókòó sórí irin tí wọ́n ń jẹun, ọ̀pọ̀ ló ń pè é ní ti Hine. Kì í ṣe tirẹ̀. Rockefeller Center ni wọ́n ti yà á, lọ́dún 1932.

Wọ́n ní iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́, ṣùgbọ́n ti Hine ò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, gbèsè gba ilé rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ kú nígbà Kérésì 1939. Òun náà kú ní ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá 1940, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, láìní nǹkan kan lọ́wọ́. Wọ́n tiẹ̀ fi àwọn fọ́tò rẹ̀ lọ Museum of Modern Art, wọn ò gbà á. Lónìí, ilé ìṣúra George Eastman àti ilé ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà ń tọ́jú wọn bí ẹyin.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa gbogbo tẹ́ ẹ ń kọ́ gbọ̀ngán níbi tẹ́ ẹ wà, ẹ má ya alága tó ń gé ríbọ́ọ̀nù nìkan. Ẹ ya àwọn tó po sìmẹ́ńtì, Yorùbá o, ọmọ onílẹ̀ o, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ wọn sẹ́yìn fọ́tò. Lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni bá béèrè ohun tá a wá ṣe nílùú yìí, fọ́tò yẹn á dáhùn fún wa.